Iṣu Tí Wọ́n Gbọ́ ní Ìsàlẹ̀-Odò

Opó ni Àwẹ̀ró. Èkùrọ́ ló ń pa ní àdúgbò Ìsàlẹ̀-Odò, èyí tó bá sì pa láàárọ̀ ló ń tà jẹ lálẹ́. Ìbídùn, ọmọ kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ló ń bá a ṣà á.

Lọ́dún kan, ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ gbígbóná, àrùn tó máa ń ràn, wọ ìlú. Baálẹ̀ Olúgbùyì pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má jáde fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Àṣẹ náà dára, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n òkè ni Baálẹ̀ ń gbé, níbi tí iṣu kún inú àká. Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò kò ní ju ọwọ́ wọn lọ. Láràárọ̀, akéde a dúró lókèèrè, nítorí ẹ̀rù ń ba òun náà, a lu agogo, a ké pé, “Ikú wà lóde o! Ẹ má jáde!”

Ní ọjọ́ kẹjọ, Àwẹ̀ró àti ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ mọ́ bóyá wọ́n sùn ni tàbí wọ́n jí. Oòrùn ń yọ́ lára ògiri bí òrí, ó sì dà bíi pé ilé ń léfòó. Ìbídùn ní òun ń gbọ́ òórùn iṣu sísun. Ìyá rẹ̀ náà gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ kò sí iná nínú ààrò ẹnikẹ́ni. Nígbà náà ni ohùn akéde gba inú ooru wá.

“Ìyá mi, ẹ gbọ́! Wọ́n ní iṣu wà lóde!”

“Iṣu ni wọ́n wí lóòótọ́, ọmọ mi. Gbé agbọ̀n.”

Àwọn nìkan kọ́ ló gbọ́ iṣu. Ojúlé bí ogún rọ́ pàdé lábẹ́ ọ̀dán, wọ́n ń fara kan ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni ń lá àlá. Kò sí iṣu níbẹ̀. Kí oṣù tó lé, Ìbídùn ti kú. Òkú méjì ni wọ́n sin lókè. Èyí tí wọ́n sin ní Ìsàlẹ̀-Odò lé ní ọgọ́ta.

Nígbà tí ìlú rọ̀ díẹ̀, Baálẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá pẹ̀lú ìbínú.

“Àwẹ̀ró, ṣé etí rẹ di ni? Kí ni akéde wí?”

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. “Ó ní iṣu wà lóde, Baba.”

“Ikú ló wí!”

“Bóyá etí mi gbọ́ ọ, Baba. Inú ni kò gbà á. Ebi ti wà níbẹ̀ kó tó dé.”

Baálẹ̀ wo agbọ̀n òfìfo tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ojú tì í, ó sì yẹ kó tì í. Lọ́jọ́ náà ló ṣí àká. Láti ìgbà yẹn, bí àrùn bá wọ̀lú, iṣu ní láti dé ẹnu ọ̀nà gbogbo kí akéde tó fọwọ́ kan agogo.

Àwẹ̀ró gba tirẹ̀. Ó sè é, ó bu ti Ìbídùn sọ́tọ̀.

Lẹ́nu obìnrin yìí ni àwọn àgbà ti gbọ́ ọ, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.