Ilẹ̀kùn Àká Erin

"Ààlọ́ o."
"Ààlọ̀."

Àlọ́ mi gbéra, ó di ẹnu àká Erin, ọba ẹranko. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń pín oúnjẹ níbẹ̀. Kí ẹranko tó dé, ó ti gbé oúnjẹ rẹ̀ síta dè é. Òkété olè ṣàkíyèsí pé bí òun bá ti rí ẹ̀pà, oúnjẹ Ọ̀yà, níta, Ọ̀yà ti ń bọ̀ nìyẹn, ilé rẹ̀ ṣófo. Ó kó ilé Ọ̀yà, ó kó ti Etu, ó kó ti Ìgalà.

Erin bínú. Ó ní, "Ọ̀kẹ́rẹ́, ti ilẹ̀kùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àká yìí. Má gbé oúnjẹ ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀ síta. Bí ẹnì kan bá lọ, gbá gbogbo àká kí o tó dá èkejì lóhùn, kí Òkété má baà rí èérún."

Olè dáwọ́ dúró, ebi wá dé. Ẹ bá mi gbè é, ẹ̀yin ọmọ:

Ọ̀kẹ́rẹ́, ebi ń pa wá.
*Mo ń gbálẹ̀.*
Ọ̀kẹ́rẹ́, ọmọ ń sunkún.
*Mo ń gbálẹ̀.*
Ọ̀kẹ́rẹ́, ọba ló dé.
*Mo ń gbálẹ̀.*

Erin dúró títí oòrùn fi wọ̀. Ó ní, "Ju ìgbálẹ̀ yẹn nù. Máa gbé oúnjẹ síta bíi tàtijọ́, ṣùgbọ́n fi igbá dé e."

Òkété dé, igbá ló rí, kò mọ oúnjẹ ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ó yá, ẹ lọ sùn. Ẹ tilẹ̀kùn dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé èmi ò tíì wọlé.