Bàtà Awọ Ọ̀nì Tí Ó Kọ̀ Láti Bọ́

Ìyá Àwẹ̀ró, aya Fọlárìn, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí nínú agbo ilé wa, nígbà ìkórè iṣu ọdún 1971. Ojú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣe.

Fọlárìn àti Ọlátẹ́jú, ọmọ baba kan ni wọ́n, ìyá ló pín wọn níyà. Fọlárìn ni ẹ̀gbọ́n. Oko kòkó rẹ̀ fẹ̀, ilé rẹ̀ sì kún. Aránṣọ lásán ni àbúrò rẹ̀, Ọlátẹ́jú, ṣùgbọ́n bí òyìnbó kan bá ń padà sílé láti Èkó tí ó fẹ́ ta bàtà àtijọ́ rẹ̀, Ọlátẹ́jú ni yóò rà á. Ó ní ti awọ ejò. Ó ní ti awọ ògòǹgò, tó rí bí ara adìẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tu. Olórí gbogbo wọn ni ti awọ ọ̀nì, tó pọ́n bí obì. Ó gbẹ́ ẹsẹ̀ onígi sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí awọ má baà súnkì, a sì máa fi aṣọ rírọ̀ nù wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun.

Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń lọ, ẹsẹ̀ àbúrò ni ènìyàn máa ń wò kí wọ́n tó kí ẹ̀gbọ́n. Ohun tó ń jẹ Fọlárìn lọ́kàn nìyí. Kódà nígbà tí oyè Aṣípa kàn án, ayọ̀ rẹ̀ kò tọ́jọ́.

"Lọ́jọ́ oyè mi náà," ó wí fún Àwẹ̀ró, "ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ni wọ́n tún máa wò!"

"Baálé mi, orí ni wọ́n ń fi ewé oyè lé, kì í ṣe ẹsẹ̀."

Kò gbọ́. Ó lọ bá àbúrò rẹ̀, ó ní bàtà awọ ọ̀nì ni òun yóò wọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe pé mo láhun. Ẹsẹ̀ yín ló tóbi ju tèmi lọ, awọ ọ̀nì kì í sì í fà. Ẹ mú ti awọ màlúù yìí, yóò gbà yín."

"Awọ màlúù! Kí ìwọ máa wọ ọ̀nì, kí èmi Aṣípa máa wọ màlúù? O ò fẹ́ kí n gbayì ni!"

Ọlátẹ́jú yọ ẹsẹ̀ onígi kúrò nínú bàtà náà, ó kó o fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ oyè, ṣíbí ni Àwẹ̀ró fi bá ọkọ rẹ̀ ti gìgísẹ̀ wọlé. Nígbà tí wọ́n kọjá lọ́jà, gbogbo ojú wà lẹ́sẹ̀ Fọlárìn. Ó yíjú wo àbúrò rẹ̀ tó wọ sálúbàtà rọ́bà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Oòrùn mú, ẹsẹ̀ wú, ìrora dé orúnkún. Kò kà á sí.

Ohun tí ìlara mú un gbàgbé ni pé ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà dé iwájú Kábíyèsí wa. Lẹ́nu ọ̀nà ààfin, olúkúlùkù bọ́ tirẹ̀. Ti òsì Fọlárìn fi ipá bọ́; ti ọ̀tún kọ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ọkùnrin méjì ń fà á.

"Ọ̀nì ti gbé Aṣípa mì o!" ni ẹnì kan kígbe. Ẹ̀rín sọ.

Ẹmẹ̀sẹ̀ ọba bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wí fún un létí: "Baba, Kábíyèsí ti jókòó. Bí wọ́n bá dìde kí ẹ tó kúnlẹ̀, oyè ti kọjá sí ilé kejì tó ń bá yín du oyè nìyẹn."

Ọlátẹ́jú kúnlẹ̀ tì í, ó yọ abẹ tí ó fi ń tú aṣọ.

"Rárá! Èyí tí o fẹ́ràn jù?"

"Ẹ má mira, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọwọ́ rẹ̀ rọra ń la awọ náà. Ọwọ́ yẹn ni Fọlárìn ń wò. Kò lè wo ojú rẹ̀.

Wọ́n fi ewé oyè lé e lórí lọ́jọ́ náà, tòun ti ìka ẹsẹ̀ tó bó.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1956, Aṣípa tuntun gbé bàtà náà lọ sílé àbúrò rẹ̀, ó ní, "O kò láhun. Èmi ni mo jowú." Ọlátẹ́jú gbà á, ó ti ẹsẹ̀ onígi padà sínú èyí tó ya, ó sì gbé e sáàárín àwọn yòókù. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà agbo ilé wa fi ń pa á lówe pé: bàtà àgbàbọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a máa ṣo ni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.