Ẹ̀gbà Idẹ Tó Ti Ẹ̀yìn Awọ́nríwọ́n Wá

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Ẹ̀yin tí ẹ fara ti ògiri lọ́hùn-ún, ṣé ẹ ti sùn ni? Mo ní, àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Ó dáa. Àbẹ̀jẹ́, gbé àbúrò rẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kí o wá jókòó. Bí ohùn mi bá le lálẹ́ yìí, ẹ má bínú sí mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń pa àlọ́ yìí ni inú máa ń bí mi kí n tó là á dé ìdajì. Ìjàpá ló wà nínú ẹ̀, òun àti Awọ́nríwọ́n, ẹranko tó dà bí alángbá ńlá létí odò, àti idẹ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ń gbé pọ̀ nínú ìlú kan, Ìjàpá lọ kọ́ iṣẹ́ idẹ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìda oyin mọ ẹ̀gbà, tí wọ́n á fi amọ̀ kíkúnná bò ó, tí wọ́n á sá a títí á fi gbẹ, tí wọ́n á wá gbé e sínú iná. Ìda á yọ́, á gba ojú ihò kékeré kan ṣàn jáde. Ibi tí ìda fi sílẹ̀ nínú amọ̀ ni wọ́n á da idẹ yíyọ́ sí. Bó bá tutù, wọ́n á fọ́ amọ̀ náà, ẹ̀gbà á jáde. Wọ́n á wá fi ewé ìpín ha á títí á fi máa dán.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbà Ìjàpá kò ní ọnà lára. Ó kàn ń dán ni. Ó tẹ ewé gbọ̀rọ̀ mọ́ ìda, iṣan ewé náà hàn lára idẹ, wọ́n rà á díẹ̀. Ó tẹ èèpo ìrókò mọ́ ọn, wọ́n tún rà á díẹ̀. Mi ò bá a wí níbẹ̀. Ewé wà nígbó, èèpo igi wà nígbó, ojú tó dára ló rí ọnà lára wọn. Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí ni, inú kì bá tí bí mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbé ìda àti àdín iṣẹ́ rẹ̀ dání, ó ń lọ sódò, ó rí Awọ́nríwọ́n lórí àpáta, tó ń yá oòrùn. Ẹ ti rí ẹ̀yìn Awọ́nríwọ́n rí? Wínníwínní ni. Ọnà ibẹ̀ tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. Ìjàpá dúró, ó ń wò ó, ó ń gbé itọ́ mì.

Ó ní, "Ẹ kú oòrùn o, ẹ̀gbọ́n mi."

Awọ́nríwọ́n ní, "Ìjàpá, o kú ìrìn."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn yín mà gbẹ o! Oòrùn yìí á bẹ́ yín lára. Ṣé ẹ ò ní ẹni tó ń bá yín fi nǹkan pa á ni?"

"Ta ni mo ní? Ọwọ́ mi kò sì dé ibẹ̀."

"Ṣé èmi ò tó ọmọ ni? Ẹ dakùn délẹ̀, kí ẹ di ojú yín."

Awọ́nríwọ́n di ojú. Ìjàpá fi àdín pa ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí. Ó mú ìda tó ti fi oòrùn rọ̀, ó tẹ́ ẹ lé e, ó rọra ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́. Ó wá ṣí i kúrò wẹ́rẹ́. Ibi tó yọ lẹ́yìn Awọ́nríwọ́n ló jin lára ìda. Ibi tó jin ló yọ. Kò sí èyí tó sọnù nínú gbogbo rẹ̀.

Awọ́nríwọ́n ní, "Ó mà tù mí lára o, àbúrò mi. Ìwọ náà á rí ẹni ṣe é fún ọ." Ó bọ́ sódò, ó mú ẹja méjì wá, ó fi ta Ìjàpá lọ́rẹ.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ olè! Ó tún fún un lẹ́ja! Àdín yẹn kì í ṣe nítorí ẹ̀yìn tó gbẹ o. Kí ìda má baà lẹ̀ mọ́ ọn ni.

Àbẹ̀jẹ́, kí lo ń sọ?

"Màmá àgbà, kí ló dé tí kò kàn tọrọ rẹ̀?"

Ìwọ náà rí i! Ká ní ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọnà ara yín wù mí, ẹ jẹ́ kí n fi ṣe ẹ̀gbà," obìnrin yẹn á ní kó máa bọ̀. Ọ̀làwọ́ ni. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.

Ojoojúmọ́ ni Ìjàpá ń gbé àdín lọ sódò, títí ìda tó tẹ̀ lára rẹ̀ fi kún apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta. Ó fi wọ́n rọ ẹ̀gbà. Háà! Gbogbo ìlú ya lọ sí ilé rẹ̀. Ọ̀bọ gbé iṣu wá, ó gba ẹ̀gbà lọ. Àgbọ̀nrín gbé ẹ̀wà wá, ó gba méjì. Bí wọ́n bá bi Ìjàpá pé níbo ló ti rí ọnà yìí, á fọwọ́ kan orí rẹ̀, á ní, "Inú ibí ló ti wá." Èyí tó tóbi jù, tó dára jù, ó gbé e fún Olorì, ìyàwó Ọba Erin. Olorì wọ̀ ọ́, kò fẹ́ bọ́ ọ mọ́. Inú Ọba dùn, ó ní kí Ìjàpá sọ ohun tó ń fẹ́.

Ìjàpá dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, kò sí nǹkan kan. Kí ẹ ṣáà bá mi pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ọnà yìí kiri nílùú, àfi ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ mi."

Ọba ní ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn. Kò béèrè nǹkan kan. Wọ́n lu agogo yí ìlú ká.

Ṣé ẹ mọ ìdí tó fi béèrè irú àṣẹ bẹ́ẹ̀? Àwọn tó ń lọ pọnmi ti ń sọ ọ́ láàrin ara wọn pé, "Ẹ̀gbà yìí mà jọ ẹ̀yìn Awọ́nríwọ́n." Ẹ̀rù ń ba Ìjàpá. Ojú rẹ̀ sì tún wà lára ibú odò yẹn, nítorí ẹja. Ó ní kí obìnrin yìí kúrò nílùú, kí òun ní ọnà, kí òun ní ẹja.

Ọjọ́ kẹta, ó lọ fẹjọ́ sùn pé Awọ́nríwọ́n jí iṣẹ́ òun gbé sẹ́yìn.

Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ìgbà yẹn gan-an, ẹyin Awọ́nríwọ́n mẹ́sàn-án wà nínú ọ̀gán kan létí odò. Bí ó ṣe máa ń yé e nìyẹn. Á gbẹ́ ọ̀gán, á yé ẹyin sínú ẹ̀, ikán á sì dí ojú rẹ̀ padà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ara ọ̀gán á le koko. Ìyá nìkan ló mọ ọjọ́ tó yẹ kó padà wá là á. Bí kò bá wá, ẹyin á pa, àwọn ọmọ ò sì ní rí ọ̀nà jáde, inú ibẹ̀ ni wọn á kú sí. Ọ̀la ọjọ́ ẹjọ́ yẹn ni ọjọ́ náà pé.

Gbogbo ìlú pé jọ sí ojúde Ọba. Ìjàpá bọ́ sáàrin, ó na ọwọ́ sókè.

Ó ní, "Kábíyèsí, ẹ wo ọwọ́ Olorì. Ẹ wo ẹ̀yìn obìnrin yìí. Ṣé kì í ṣe ọnà kan náà ni? Ta ni ẹ pàṣẹ pé kó ni ín?"

Ọba Erin ní, "Ìwọ ni. Awọ́nríwọ́n, kí lo rí sọ?"

Awọ́nríwọ́n kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń ṣeré ni. Nígbà tó rí ojú Ọba, ó mọ̀ pé kì í ṣe eré.

Ó ní, "Kábíyèsí, awọ ara mi nìyí! Ṣé mo lè jí awọ ara mi ni? Ìjàpá, ìwọ tí ò ń wá fi àdín pa mí lẹ́yìn! Ìwọ tí mo fún lẹ́ja!"

Ìjàpá ní, "Ẹ gbọ́! Ó jẹ́wọ́ pé a mọra. Bó ṣe rí iṣẹ́ mi jí nìyẹn."

Ẹ wo ẹnu ẹni burúkú!

Awọ́nríwọ́n yíjú sí Ọ̀bọ. Ọ̀bọ ń wo òkè igi. Ó yíjú sí Àgbọ̀nrín. Àgbọ̀nrín ń fi ẹsẹ̀ walẹ̀. Ọdún mélòó ni wọ́n ti jọ ń mu omi odò kan náà? Wọ́n mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó wà lọ́mọdé, tọnà-tọnà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbà wà lọ́wọ́ wọn, wọn kò fẹ́ kí wọ́n gbà á. Wọ́n panu mọ́. Ojú tì mí fún wọn.

Ọba Erin ní, "Àṣẹ ti jáde. Kí oòrùn tó wọ̀ lónìí, kí Awọ́nríwọ́n kúrò nílùú, kó má sì padà."

Awọ́nríwọ́n wólẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ bá mi wo ẹ̀yìn mi o,
*Wínníwínní.*
Ọnà tí mo gbé wáyé ni,
*Wínníwínní.*
Ẹyin mẹ́sàn-án ń bẹ nínú ọ̀gán,
*Wínníwínní.*
Bí ẹ bá lé mi, ta ni yóò là á?
*Wínníwínní.*

Ọkàn Olorì kò balẹ̀ mọ́. Ó ń yí ẹ̀gbà náà po lọ́wọ́. Ó ní, "Ìjàpá, ṣé ìwọ lo ronú gbogbo èyí lóòótọ́?"

Ká ní Ìjàpá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kó sì dákẹ́, ìbá ti bọ́. Ṣùgbọ́n ìyìn kì í sú u. Ó sún mọ́ Olorì, ó ń fi ìka tọ́ka.

"Olorì mi, kò sí èyí tí mi ò mọ ìdí rẹ̀. Wínníwínní yìí, òjò ni mo rò. Àlàfo yìí, ipa ọ̀nà oko ni. Ìlà gígùn mẹ́ta tó dábùú yìí, ibẹ̀ ni ọgbọ́n mi wà jù! Ọjọ́ méje ni mo fi ronú rẹ̀. Èékánná ara mi ni mo fi fà á."

"Irọ́ ni!"

Orí igi ni ohùn náà ti wá. Gbogbo wọn wòkè. Àwòdì ni. Ó já wálẹ̀ gbàà, ìyẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán, ó ń gbọ̀n fún ìbínú.

"Èékánná ta? Ìwọ Ìjàpá? Ìlà mẹ́ta yẹn, èmi ni mo fà á! Kábíyèsí, èmi àti Awọ́nríwọ́n kì í ṣọ̀rẹ́. Nígbà tó wà ní kékeré, mo fẹ́ gbé e jẹ. Mo ki ẹsẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn lẹ́bàá odò, ó jà, ó bọ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ó sá wọnú omi. Ebi pa mí sùn lọ́jọ́ yẹn. Bó bá dọ̀la, mo ṣì lè gbìyànjú ẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fà á, mi ò ní jẹ́ kí aláìníṣẹ́ kan gba èékánná mi mọ́ mi lọ́wọ́!"

Ìjàpá ń kólòlò. "Ó... ó jọra ni."

Olorì bọ́ ẹ̀gbà náà. Ó lọ bá Awọ́nríwọ́n níbi tó wólẹ̀ sí. Àpá mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀ lóòótọ́, wọ́n jin. Ìlà mẹ́ta wà lára ẹ̀gbà, wọ́n yọ. Olorì gbé ẹ̀gbà lé àpá. Ó wọlé wẹ́kú. Àwòdì gbé èékánná lé àpá kan náà. Òun náà wọlé.

Olorì wo ọkọ rẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, àpá ẹlòmíràn ni mo ti ń wọ̀ kiri. Ẹ̀yin lẹ sì ń lé e lọ."

Etí Erin rọ̀ wálẹ̀, ojú tì í. Ó ní, "Mo pàṣẹ kí n tó béèrè. Awọ́nríwọ́n, mo bẹ̀ ọ́. Àṣẹ náà ti kú. Ilé rẹ ni odò."

Awọ́nríwọ́n kò dúró gba ẹ̀bẹ̀. Ó ti gba ọ̀nà odò lọ.

Ìgbà yẹn ni Ọ̀bọ wá rí ohùn. "Olè! Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀!" O mọ̀ tẹ́lẹ̀, o sì dákẹ́? Àwọn tó panu mọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ju ẹ̀gbà lu Ìjàpá, ẹ̀gbà ń ró gbàn-ìn, gbàn-ìn lórí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ya lọ sí ilé rẹ̀, wọ́n kó ẹwìrì tó fi ń fín iná, wọ́n fọ́ ìkòkò tó fi ń yọ́ idẹ, wọ́n da ìda tó kù nínú apẹ̀rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú iná. Ìjàpá fa orí wọnú, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Awọ́nríwọ́n la ọ̀gán. Ọmọ mẹ́jọ jáde. Ìkẹsàn-án pẹ́ díẹ̀, ó fi imú tì í, òun náà jáde. Ó pa gbogbo wọn mọ́ra, ó kó wọn bọ́ sómi. Láti ìgbà náà, bó bá ti gbúròó ẹsẹ̀ báyìí, kódà kó jẹ́ ẹsẹ̀ ẹni rere, gbàmù, ó ti wọnú odò. Kò tún jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀yìn òun mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ara rẹ̀ ti gbóná jù, ẹ mọ ẹni tó yẹ kí ẹ bi.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Bí ohun tó wà lára ẹlòmíràn bá wù ọ́, tọrọ rẹ̀ lójú ẹni tó ni ín, kí o sì dárúkọ ẹni náà níbi tí wọ́n bá ti ń yìn ọ́. Ìwọ tí o ra ẹ̀gbà ńkọ́, tí o mọ ẹ̀yìn ẹni tó ti wá, tí wọ́n ń lé onítọ̀hún kúrò nílùú lójú rẹ, tí o ń wo òkè igi? Má rò pé Ìjàpá nìkan ni mo fi gbogbo alẹ́ yìí bá wí.