Ohùn Tó Wà Nísàlẹ̀ Orin

Nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù ṣì gbòde, tí ẹnikẹ́ni kò tíì máa fi fóònù gbọ́ orin, bíríkìlà kan wà ní Arárọ̀mí-Òkè tí ń jẹ́ Jìnádù. Bàbá Ṣíjú ni gbogbo àdúgbò ń pè é, Ìyá Ṣíjú sì ni ìyàwó rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Jìnádù. Ògiri tó bá mọ kì í sán, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì pọ̀, àfi bí ẹnìkan bá dá ọ̀rọ̀ orin sílẹ̀. Nígbà náà ni yóò rọra sọ pé òun náà ti lu agídìgbo rí, àti pé òun wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù kan.

Ẹni tí kò bá mọ agídìgbo, àpótí onígi ni. Wọ́n kan irin pẹlẹbẹ mélòó kan mọ́ ojú rẹ̀, ìka ni wọ́n sì fi ń ta àwọn irin náà. Ohùn rẹ̀ kì í ga. Abẹ́ orin ló máa ń wà, tí yóò máa dún gbì, gbì, bí ẹsẹ̀ àgbàlagbà tó ń rìn nínú yàrá kejì. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lù dáadáa a máa fi í sọ̀rọ̀, wọ́n a sì máa fi í ki èèyàn.

Òótọ́ ni Jìnádù ń sọ. Nígbà èwe rẹ̀, inú ẹgbẹ́ olórin kan tí Sàlámì Onígẹ̀lẹ̀ jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ló wà. Ẹnu eré ló ti rí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró, ẹni tí à ń pè ní Ìyá Ṣíjú lónìí, ìfẹ́ rẹ̀ sì kó sí i lórí. Ṣùgbọ́n ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí ni bàbá Àwẹ̀ró, ó sì le koko bí ojú ẹja.

Bàbá náà ní, “N kò ní fọmọ mi fún alágbe láéláé. Bí o bá fẹ́ ẹ, lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́, kí o sì búra fún mi pé o kò ní fọwọ́ kan àpótí yẹn mọ́ títí o fi máa kú.”

Jìnádù gbà. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ fún, pé kí bàbá jẹ́ kí òun bá ọ̀gá òun dé Ìbàdàn, nítorí wọ́n ti ṣètò láti lọ gba orin sílẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gba orin náà, ọlọ́lá kan tó ń ta kòkó ni Sàlámì ń ki lókè, tó ń pọ́n ọn, tó ń pọ́n ìyá tó bí i. Jìnádù wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú agídìgbo rẹ̀, Àwẹ̀ró ló ń ki ní tirẹ̀. Ẹ ò rí i bí ọmọkùnrin ṣe gbọ́n tó? Owó olówó ni wọ́n fi gba orin náà sílẹ̀, ó sì fi tirẹ̀ fẹ́ ìyàwó nínú rẹ̀. Ó bá orin mu régí, kò sẹ́ni tó bá a wí. Nígbà tó délé, ó búra fún àna rẹ̀, ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù nílé wọn ló da gbogbo rẹ̀ rú. Ẹ̀rọ kékeré alábátìrì ni, inú ìdérí rẹ̀ ni ibi tí ohùn ń gbà jáde wà, kò sì fẹ̀ ju àwo ọbẹ̀ lọ. Ohùn Sàlámì ń jáde níbẹ̀, agogo ń dún, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún. Ohun tó wà nísàlẹ̀ kò jáde rárá. Ní oṣù tí wọ́n gbéyàwó, Jìnádù ní, “Fetí sílẹ̀, Àwẹ̀ró, mò ń pè ọ́ níbẹ̀.” Ìyàwó fi etí ti ìdérí ẹ̀rọ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Èmi ò gbọ́ nǹkan kan o.”

Ó di àwàdà nínú ilé. Bí Jìnádù bá ní òun máa tún òrùlé ṣe, ìyàwó á ní, “Àbí irú tinú rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn náà ni?” Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwàdà tó bá pẹ́ jù lórí ọ̀rọ̀ kan a máa dá egbò síbẹ̀. Bàbá Àwẹ̀ró kú, ìbúra kò kú. Sìmẹ́ńtì sì ti sọ ìka Jìnádù di igi, kò tilẹ̀ lè ta irin mọ́ bó bá fẹ́. Rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn nìkan ló kù tó lè gbè é lẹ́yìn. Kì í ṣe pé ó ń wá òkìkí. Ohun tó ń dùn ún ni pé ọ̀rọ̀ ńlá àkọ́kọ́ tó bá ìyàwó rẹ̀ sọ, irọ́ ni obìnrin náà kà á sí.

Àwẹ̀ró ní àbúrò ọkùnrin kan, Láyíwọlá. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ariwo ju oúnjẹ lọ. Nígbà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù àti rédíò, ó gbé gbohùngbohùn ẹlẹ́nu gbàgà méjì sórí òrùlé, irú èyí tí wọ́n fi ń pe ìrun ní mọ́sálásí. Bó bá fi orin sí i, wọ́n ń gbọ́ ọ dé odò. Gbogbo ìlú ń ké pé Láyíwọlá ló ni ẹ̀rọ tó dára jù, òun náà sì gbà wọ́n gbọ́.

Lọ́jọ́ ọjà, ó rí Jìnádù àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ń kọjá. Ó mú ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, òní ni òótọ́ máa fojú hàn! Kò sí ohun tó wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù tí ẹ̀rọ mi ò ní gbé jáde. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ agídìgbo yín.”

Ojú ti Jìnádù, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ tún dùn díẹ̀. Ó rò pé bóyá lóòótọ́ ni. Wọ́n lọ gbé rẹ́kọ́ọ̀dù náà wá láti ilé, èyí tí abẹ́rẹ́ kíkú ti fá lójú. Láyíwọlá yí ohùn sókè dé òpin. Àwọn ewúrẹ́ sá. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún bí ìgbà tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sórí páànù, Sàlámì ń ké bí ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn, àwọn èèyàn sì ń jó, wọ́n ń gbé eruku sókè. Orin parí.

Láyíwọlá ní, “Ẹ̀yin ará, ta ló gbọ́ agídìgbo?”

Ẹnìkan láàárín èrò dáhùn pé, “Bóyá ó lọ jẹun nígbà tí wọ́n ń gba orin sílẹ̀!”

Ẹ̀rín ta. Àwẹ̀ró náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó wẹ̀yìn, tó rí ojú ọkọ rẹ̀, ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu. Jìnádù kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó gba rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀, ó dé fìlà rẹ̀ dáadáa, ó sì ń lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà, kò sọ̀rọ̀ orin mọ́. Ó fi bébà àpò sìmẹ́ńtì wé rẹ́kọ́ọ̀dù náà, ó sọ ọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tí ìyàwó bá sọ, “Ó dáa” ni ìdáhùn rẹ̀. Oúnjẹ dé, ó dáa. Òjò ń bọ̀, ó dáa. Ilé wá dákẹ́ lọ́nà tí kò bára dé. Nígbà tí Àwẹ̀ró kò lè fara dà á mọ́, ó gba ilé Màmá Ìbíwùmí lọ.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni Màmá Ìbíwùmí, ó ti fẹ̀yìn tì. Òun ló gbẹ̀bí Ṣíjú. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí, mi ò ní fi bò. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́, fèrè onígi kékeré kan wà tó máa ń gbé lé ikùn aboyún, tí yóò fi etí tì í láti gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù. Bí ẹnìkan bá sọ̀rọ̀ nínú yàrá nígbà náà, á fi ojú lé e jáde. Ẹni tó bá ti fi etí wá ọkàn ọmọ nínú ikùn ìyá rí, kò ní máa fi ìwàǹwára gbọ́ orin. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló fi ra ẹ̀rọ kan tó ní àpótí ohùn méjì, onígi, tó wúwo. Kò sì gbé àpótí wọ̀nyí ka ilẹ̀ bí ẹni ń to iṣu. Ó gbé wọn sórí àga, ó fà wọ́n kúrò lára ògiri, ó sì yí wọn sí ọ̀nà ibi tó ń jókòó sí. Òòró ló to rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀, bí ìwé, olúkúlùkù nínú àpò rẹ̀.

Àwẹ̀ró rojọ́ tán. Ó ní, “Ọkọ mi ò bínú, Mà. Ì bá sàn kó bínú.”

Màmá bi í léèrè, “Rẹ́kọ́ọ̀dù ta ni?”

“Sàlámì Onígẹ̀lẹ̀. Èyí tó fi ki olówó kòkó yẹn.”

Màmá tún bi í pé, “Ìyá Ṣíjú, kí ni wọ́n ń pè ọ́ nílé bàbá rẹ?”

“Èmi? Àwẹ̀ró ni.”

“Ọmọ ibo?”

“Ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí ni wá, Mà.”

Màmá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. “Lọ mú ọkọ rẹ wá. Ẹ má gbé rẹ́kọ́ọ̀dù kankan dání, tèmi wà níbí.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì dé. Láyíwọlá bá wọn wá, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọ òkò ọ̀rọ̀ sí i títí ó fi gbà láti wá bẹ Jìnádù. Màmá ní kó jókòó sórí ẹní, kó sì pa ẹnu dé. Ó ti fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà. Ó pa fáànù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru mú. Ó yọ rẹ́kọ́ọ̀dù, etí rẹ̀ nìkan ló fọwọ́ kàn, ó fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún yíká, ó wo ẹnu abẹ́rẹ́ ní ojú ìmọ́lẹ̀, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tuntun.

Láyíwọlá na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń yí ohùn sókè. Màmá gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

Orin bẹ̀rẹ̀. Kò pariwo. Ohùn Sàlámì wà ní àárín, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀ bó ṣe ń kọrin, èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bọ́ sí apá kan, agogo sí apá kejì, kálukú dúró sí àyè rẹ̀. Nísàlẹ̀ gbogbo wọn, ohun kan ń bọ̀, ó rọ̀, ó tóbi, ó ń gba inú pákó ilẹ̀ wọ àtẹ́lẹsẹ̀.

Láyíwọlá fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ pé, “Gbì gbì ni èmi ń gbọ́ o.”

Àwẹ̀ró ti gbá apá àga mú. Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń tẹ̀ lé irin náà bí ọmọdé tó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ jáde: “Àwẹ̀ró... ọmọ Ẹ̀ṣọ́... Ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn... iwájú ni wọ́n fi ń gbọgbẹ́...” Agídìgbo náà tún un sọ, ó sì fi kún un. Àwẹ̀ró gbọ́ ọ, ó wí i: “Àwẹ̀ró, mò ń bọ̀ wálé.”

Ó kúnlẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀. “Bàbá Ṣíjú! Gbogbo ọjọ́ tí mo ti lò nílé yín ni ẹ ti ń pè mí, èmi ò sì jẹ́!”

Jìnádù gbé e dìde. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ ohun tó sọ: “O ti jẹ́ mi báyìí. Kò pẹ́ jù.” Òun náà sì nu ojú, kò fi pamọ́.

Màmá dá abẹ́rẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Àwẹ̀ró jó o. Kò jó ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí àwọn ará ọjà. Ìsàlẹ̀ ló ń jó, ẹsẹ̀ kan, ìdúró díẹ̀, èjìká kan, níbi tí ìka ọkọ rẹ̀ bá ti sọ̀rọ̀. Jìnádù ń wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lẹ́nu eré.

Láyíwọlá dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀. Ó yíjú sí Màmá, ó ní, “Ẹ̀yin ti mọ̀ látọjọ́ yìí, kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“Mo mọ̀ pé ọkùnrin kan ń pe Àwẹ̀ró, ọmọ Ẹ̀ṣọ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí obìnrin náà gbọ́. Nígbà tí mo gbẹ̀bí rẹ̀, ìyàwó Jìnádù ni wọ́n pè é fún mi, lẹ́yìn náà ó di Ìyá Ṣíjú ládùúgbò, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òun ni?”

“Ṣùgbọ́n Mà, gbogbo ọjà ló jó orin yìí níwájú ṣọ́ọ̀bù mi!”

“Ariwo ni wọ́n jó,” ni Màmá wí. “Orin náà wà níbẹ̀, ẹ ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀.”

Láyíwọlá gbé gbohùngbohùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ó gbé ìjókòó sínú ṣọ́ọ̀bù, ó ra àpótí ohùn gidi, bí oníbàárà bá sì ní kó yí i sókè, á ní kó kọ́kọ́ jókòó, á sì pa òwe kan fún un. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní òwe náà dàgbà ju rẹ́kọ́ọ̀dù lọ, mi ò ní bá yín jà. Ní Arárọ̀mí-Òkè, ẹnu Láyíwọlá ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lọ́dọ̀ rẹ̀ sì ni tọmọdé tàgbà ibẹ̀ ti kọ́ láti máa pa á lówe pé: Òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n.