Ìyẹ̀fun Tí Efúnyẹlá Gún Nínú Odó

Ìyá àgbà Ṣìjúwadé, ẹni tí a jọ pín àga kan nígbà tí à ń kọ́ a, b, d ní kíláàsì àwọn àgbà, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Ní ọjọ́ náà, olùkọ́ wa kọ òwe kan sójú pátákó: Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Gbogbo wa kà á jáde. Ìyá Ṣìjúwadé fi ìgúnpá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ẹnu wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ṣé o mọ ibi tó ti wá?" Mo ní n kò mọ̀. Bí ìwọ tí ń ka ìwé yìí náà kò bá mọ̀, gbọ́ ọ bí mo ṣe gbọ́ ọ.

Obìnrin kan wà ní ìlú kan létí ọ̀sà, Efúnyẹlá ni orúkọ rẹ̀. Apá rẹ̀ le. Bí ó bá gúnyán, ẹyọ kókó kan kì í kù nínú rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Abọ́sẹ̀dé. Nígbà tí Abọ́sẹ̀dé bàlágà, ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ìyá Matínà, ìyá Àgùdà kan tó ti òkè òkun padà wá sí ilẹ̀ baba rẹ̀. Àdìsínú ni ìyá yìí ń ṣe: ìyẹ̀fun àlìkámà tí a pò, tí a tẹ́ pẹlẹbẹ, tí a fi èso dì sínú rẹ̀, tí a wá sè nínú omi híhó. Òkè òkun ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pò ó, ṣùgbọ́n ilé ló ti kọ́ láti fi àgbálùmọ̀ sínú rẹ̀.

Inú Efúnyẹlá dùn sí i, títí àwọn ará àdúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé, "Ọmọ rẹ ti di ọmọ Àgùdà." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ní ọjọ́ kan, ó lọ sílé Ìyá Matínà, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ mú, ó wọ́ ọ gba àárín ọjà wálé. Ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìka ọmọ náà.

Láti ìgbà náà, Abọ́sẹ̀dé kò bá a sọ ju ìkíni lọ mọ́. Ní òwúrọ̀, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ kú àárọ̀, Ìyá mi." Á pọnmi, á gbálẹ̀, á fọ abọ́. Bó bá di alẹ́, á tún kúnlẹ̀, "Ó dàárọ̀, Ìyá mi." Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rárá. Oṣù kan kọjá báyìí, ẹ̀rù wá ń ba Efúnyẹlá pé òun ti mú ọmọ òun wálé, òun sì ti sọ ọ́ nù.

Ó pinnu láti fi oúnjẹ tù ú lójú. Ó ra ìyẹ̀fun àlìkámà. Ó gé ọ̀pẹ̀yìnbó wẹ́wẹ́, ó bó àgbálùmọ̀, ó fi oyin sè wọ́n pọ̀ títí omi wọn fi gbẹ. Nígbà tó kan ìyẹ̀fun tó ti pò, ó wo apá ara rẹ̀, ó wo odó. Ó jù ú sínú odó, ó sì gbé ọmọ odó sókè.

Wúràọlá, aládùúgbò rẹ̀, yọrí lórí ọgbà. "Efúnyẹlá, irú iyán wo lò ń gún láìse iṣu?"

"Àdìsínú ni. Máa bá tìrẹ lọ."

"Yéè! Ọjọ́ wo ni Àgùdà di oníyán?"

Efúnyẹlá tún gbé ọmọ odó sókè. Ó gún un títí òógùn fi bò ó. Iṣu tí a bá gún dáadáa á rọ̀. Èyí ń le sí i ni. Bó bá fà á, á súnkì padà. Ó fi tipátipá dì í, ó sè é. Abọ́sẹ̀dé mú ẹyọ kan, ó jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́, kò tètè lọ. Ó gbé e mì. "Ẹ ṣé, Ìyá mi." Ó dìde. Efúnyẹlá fi eyín kan ọ̀kan: ó le koko.

Ní ọjọ́ kejì, ó gbé ìtìjú jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó lọ bá Ìyá Matínà. Ìyá náà kò dárúkọ ọjọ́ tó wá wọ́ ọmọ lọ. Ó kàn ní, "Báwo lo ṣe ṣe é?"

"Mo gún un ni, mà."

Ìyá Matínà rẹ́rìn-ín títí ó fi di orúnkún mú. "Iṣu là ń lù kó tó rọ̀. Èyí, bí o bá ṣe ń lù ú ni yóò ṣe máa le. Rọra pò ó, fi aṣọ tútù bò ó, kí o sì fi í sílẹ̀."

"Kí n fi í sílẹ̀? Bó bá bàjẹ́ ńkọ́?"

"Kò ní bàjẹ́. Jókòó."

Efúnyẹlá jókòó. Ẹ̀ẹ̀mejì ló na ọwọ́ sí aṣọ náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá náà gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ìyẹ̀fun náà rọ̀ bí etí ọmọ ọwọ́. Ìka kan ṣoṣo ni ìyá náà fi tẹ́ ẹ. Efúnyẹlá wo ìka náà, ó wá wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, èyí tó fi di ọmọ rẹ̀ mú láàárín ọjà. Ó dìde, ó gba ilé lọ.

Ó ṣe òmíràn. Abọ́sẹ̀dé jẹ ẹyọ kan. Ó mú èkejì. Ó gbójú sókè.

"Ìyá mi, ta ló kọ́ yín?"

Omi lé sí Efúnyẹlá lójú. "Ẹni tó kọ́ ọ náà ni. Gbé ìyókù lọ fún un. Iṣẹ́ rẹ ń dúró dè ọ́ níbẹ̀."

Abọ́sẹ̀dé fọwọ́ kan abọ́ náà. "Abọ́ yìí ńkọ́?"

"Ìgbà tó bá wù ọ́ ni kí o dá a padà."

Títí di òní, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó fẹ́ fi ipá so ọmọ, aya tàbí ọ̀ràn ẹlẹgẹ́ mọ́lẹ̀, òwe yìí ni wọ́n ń pa fún un. Efúnyẹlá ló kọ́kọ́ pa á, nígbà tí Wúràọlá bi í láti orí ọgbà pé, "Ṣé bí o ṣe máa jẹ́ kó lọ nìyẹn?" Ó ní, "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko." Ó wí i tán, ó káwọ́ sẹ́yìn, kí ọwọ́ náà má bàa nà jáde. Abọ́sẹ̀dé ti gbé abọ́ rù, ó rọra ń lọ lójú ọ̀nà etí ọ̀sà kí ohunkóhun má bàa dà nínú rẹ̀. Kò wẹ̀yìn.