Ìbídùn Kẹ̀yìn sí Ilé Bàbá Gómẹ̀sì

Ìbídùn ló máa ń mú àlejò fẹsẹ̀ rìn kiri Pópó Àgùdà l'Ékòó, kí wọ́n lè wo ilé àtijọ́. Ọ̀gá rẹ̀ sì ti kìlọ̀ pé bí àwọn àlejò tòní kò bá rí inú ilé Bàbá Gómẹ̀sì, kó má padà wá síbi iṣẹ́ mọ́. Bàbá gbé àga dí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó lé e, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, o ò gbọdọ̀ dárúkọ ilé mi, ẹnikẹ́ni ò sì ní wọlé àfi tí mo bá fẹnu ara mi bẹ̀ ẹ́.” Ìbídùn kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó wá kẹ̀yìn sí i, ó nawọ́ sí ilé Fìgùrédò tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. “Ẹ̀yin àlejò mi, ẹ wo ilé tó lẹ́wà jù ládùúgbò yìí.” Bàbá húkọ́. Ìbídùn ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, “Àwọn ló kọ́ gbogbo Pópó bí wọ́n ṣe ń fi símẹ́ǹtì ya òdòdó sára ògiri.” Bàbá dìde. Ìbídùn tún ní, “Fèrèsé wọn ńkọ́? Kò sí irú rẹ̀ níbì kankan.” “Irọ́ ni,” ni Bàbá wí. “Bàbá bàbá mi ló yá wọn ní káfíńtà! Ẹ̀yin àlejò, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ wọlé wá wo fèrèsé.” Ó mú wọn wo gbogbo yàrá, títí dé ilé ìdáná. Nígbà tí wọ́n máa fi jáde, Bàbá Fìgùrédò ti wọ agbádá, ó ti to bẹ́ńṣì síta dè wọ́n. Bàbá Gómẹ̀sì fa Ìbídùn sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ọmọ mi, ẹ̀yìnkùlé ni kó o máa mú wọn gbà, kí arúgbó yẹn má baà rí yín.”