Ẹ̀gbà Tó Yọ́

Alágbẹ̀dẹ wúrà ni Ládépò, àmọ́ ó ti sọ tẹ́tẹ́ orí fóònù di iṣẹ́ oòjọ́: ó ń ta á bóyá iye owó wúrà yóò gòkè tàbí yóò já wálẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ní, “Bàbá Fádékẹ́, a kì í ru ẹran erin lórí ká máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀.”

Ládépò tún ṣí fóònù rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó ń fi iná jó ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà tó kán pọ̀, èyí tí obìnrin kan jogún lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tó sì gbé wá fún àtúnṣe. Iye owó wúrà já wálẹ̀. Ládépò tẹjú mọ́ fóònù. Kó tó gbójú sókè, ẹ̀gbà ti yọ́.

Nígbà tí obìnrin náà dé, Ládépò na wúrà tó yọ́ náà sí i, ó ní, “Ìwọ̀n rẹ̀ kò dín.”

“Mi ò gbé wúrà wá fún yín,” lobìnrin náà fèsì. “Ìyá mi ni mo gbé wá.”